Ẹnu Páìpù, Ẹ̀mí Èrò: Ìtàn Páìpù Bíréèkì àti Iṣẹ́ Fífẹ Ẹnu Rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun kékeré kan wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń gba Lọ́kọ́ja kọjá, tí èrò inú ọkọ̀ kì í rí, tí awakọ̀ pàápàá kì í sábà rántí. Ohun náà ni ẹnu páìpù tí ó ń gbé epo bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú páìpù wọ̀nyí kò ju mìlímítà 4.76 lọ ní ìbú; kò tó pẹ́ńsù tí ọmọ iléèwé fi ń kọ̀wé ní ìnípọn. Síbẹ̀, bí ẹnu rẹ̀ kò bá jókòó dáadáa sí ojúbọ̀ tí wọ́n so ó mọ́, gbogbo agbára tí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ di asán.

Ìtàn ohun kékeré yìí ni àpilẹ̀kọ yìí tọpa rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí páìpù agbéépá kọ́kọ́ dé ojú omi Lọ́kọ́ja. Ó sọ bí epo ṣe rọ́pò ọ̀pá àti wáyà nínú bíréèkì. Ó sì fi hàn pé àyípadà tí ó bá ọrọ̀ ajé Nàìjíríà láti ọdún 1986 mú kí iṣẹ́ fífẹ ẹnu páìpù túbọ̀ le fún mẹkáníìkì ẹ̀bá títì. Ìdí tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fi yẹ láàárín àwọn onímọ̀ èdè ni pé apá kan ìṣòro náà jẹ́ ti ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò ní orúkọ ṣòro láti fi kọ́ ọmọ iṣẹ́, àṣìṣe inú rẹ̀ sì ṣòro láti tọ́ka sí.

Irin àti Páìpù ní Lọ́kọ́ja kí Mọ́tò tó Dé

Lọ́kọ́ja wà níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Lára àwọn onílé ibẹ̀ ni àwọn Òwórò, tí èdè wọn bá ti Yàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Òwé tan lábẹ́ orúkọ Òkun. Ilẹ̀ gíga Àgbájá tí àwọn Òwórò ń gbé kún fún òkúta tí irin wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ irin kì í ṣe àlejò ní agbègbè náà. Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, alágbẹ̀dẹ ti mọ̀ tipẹ́ pé agbára lè gba inú ihò tóóró kọjá láti ibì kan dé ibòmíràn: ọmọ iṣẹ́ a fín ẹwìrì níhìn-ín, iná a sì ràn lọ́hùn-ún. Bí ojú ihò bá yà, afẹ́fẹ́ a sá lọ, irin kò sì ní í pọ́n. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni bíréèkì olóoru epo wá tún kọ́ àwọn ọmọ wọn.

Ní ọdún 1832, Macgregor Laird kó ọkọ̀ ojú omi méjì, Quorra àti Alburkah, gba Odò Ọya wá títí dé ibi ìpàdé odò méjèèjì. Irin ni wọ́n fi kan ara Alburkah, orúkọ rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ kan náà tí Yorùbá ń pè ní àlùbáríkà. Ooru omi gbígbóná tí wọ́n tì gba inú páìpù kọjá ni ó ń yí ẹ̀rọ àwọn ọkọ̀ náà. Ní ọdún 1841, àwọn ọkọ̀ mìíràn tún dé, Samuel Ajayi Crowther sì wà lára àwọn tí ó bá wọn wá. Ní ọdún 1854, William Balfour Baikie wá pẹ̀lú ọkọ̀ Pleiad. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 1860, ó ti tẹ ibùdó òwò dó sí Lọ́kọ́ja. Nígbà tí Lugard ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1900, àwọn ará ibẹ̀ ti rí ẹ̀rọ onípáìpù fún ọdún tí ó lé ní 60. Nípa bẹ́ẹ̀, ojú omi ni páìpù tí ó ń gbé agbára ti kọ́kọ́ wọ Lọ́kọ́ja kí ó tó dé orí ilẹ̀.

Bí Epo Ṣe Rọ́pò Wáyà

Ọ̀pá irin àti wáyà ni ó ń ṣiṣẹ́ bíréèkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, wáyà a fà, irin a sì há ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé wáyà mẹ́rin kì í gùn bákan náà, wọn kì í sì í rọ̀ bákan náà. Ẹsẹ̀ kan lè dúró nígbà tí èkejì ṣì ń yí, ọkọ̀ a sì fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Malcolm Loughead, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀rí àṣẹ ní ọdún 1917 lórí bíréèkì tí epo ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà ti wà láti ọwọ́ Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí ó ti ṣàlàyé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé bí ènìyàn bá ti omi tí ó wà ní ìsémọ́, ìtì náà a dé gbogbo igun ibi tí omi náà wà ní ọgbọọgba. Ohun tí wáyà mẹ́rin kò lè ṣe ni epo kan ṣoṣo nínú páìpù lè ṣe. Ọkọ̀ Duesenberg Model A lo irú bíréèkì yìí ní ọdún 1921. Chrysler tẹ̀lé e ní ọdún 1924 lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ ti tún rọ́bà inú rẹ̀ ṣe kí ó má baà máa jò. Henry Ford kò gbà á títí di ọdún 1939. Jíjò tí Chrysler bá jà yẹn ni ọ̀tá àtayébáyé fún bíréèkì epo, nítorí pé ibi gbogbo tí páìpù bá ti pàdé irin mìíràn jẹ́ ibi tí epo lè gbà sá.

Ní àwọn ọdún 1920 kan náà ni ilé iṣẹ́ Bundy ní Detroit bẹ̀rẹ̀ sí í ká irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bàbà bò lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì fi iná so ìpele méjèèjì pọ̀ di páìpù kan. Irú páìpù onípele méjì yìí ni ó gba ayé kan fún bíréèkì. Ó lágbára, ó ṣeé tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dípẹtà. Nítorí ìpẹtà ni àwọn kan fi yà sí páìpù àdàlù bàbà àti níkẹ̀ẹ̀lì, tí bàbà inú rẹ̀ tó ìdá 90 nínú 100, tí níkẹ̀ẹ̀lì sì tó ìdá 10. Volvo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 1976.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Fẹ Ẹnu Páìpù

Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì tagbára-tagbára, ìtì inú páìpù lè ju 1,000 pọ́n-ùn lọ lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan. Èyí ju ìlọ́po 30 afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré lọ. Kò sí oje igi tàbí gọ́ọ̀mù tí ó lè dá irú agbára bẹ́ẹ̀ dúró. Ohun tí ó ń dá a dúró ni irin tí ó jókòó sórí irin. Wọn a fẹ ẹnu páìpù kí ó rí bí ẹnu fèrè, nọ́ọ̀tù a sì tì í mọ́ ojúbọ̀ rẹ̀ títí àyè kankan kò fi ní í sí láàárín wọn.

Ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò gba àbùjá. Àkọ́kọ́, kí wọ́n fi ọ̀bẹ páìpù tí ó ń yí po gé e kí ojú rẹ̀ lè dọ́gba; ayùn irin a máa gé e ní ìdabùú, a sì máa fi eérú irin sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìkejì, kí wọ́n ha etí rẹ̀ ní inú àti ní òde. Ìkẹta, kí wọ́n ti nọ́ọ̀tù bọ páìpù, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹnu bá ti fẹ̀ tán, nọ́ọ̀tù kò lè wọlé mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni ó ti tipa ìgbàgbé yìí gé ẹnu tí ó dára sọnù. Ìkẹrin, kí wọ́n fi irin alápá méjì oníhò di páìpù mú, kí ó sì yọrí sókè ní ìwọ̀n tí ó bá èjìká ọmọ irin ìtẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Ìkarùn-ún, kí wọ́n fi ọmọ irin náà tẹ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi wú bí orí olú. Ìkẹfà, kí wọ́n yọ ọmọ irin náà, kí wọ́n fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tẹ àárín olú náà wọ inú títí ìpele méjì yóò fi lẹ̀ mọ́ra.

Ohun tí ó jáde lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kẹfà ni a lè pè ní ẹnu onípele méjì. Igun rẹ̀ jẹ́ ìdá 45. Bí wọ́n bá dúró ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, ẹnu olólú ni wọ́n ní, èyí tí àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń lò. Ẹnu onípele kan, tí àwọn atún-fíríìjì ń ṣe sí páìpù bàbà, kò tọ́ sí bíréèkì. Ó tín-ín-rín ní ìdí, a sì máa sán bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n. Páìpù bàbà lásán fúnra rẹ̀ náà kò yẹ, nítorí pé ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ a máa mú kí ó gan, kí ó sì là. Ó rọ̀ lọ́wọ́, ó sì rọrùn láti fẹ̀; ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ìdẹwò rẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú yí irin ìtẹ̀ a bá ìlà tín-ín-rín kan létí ẹnu páìpù, tàbí kí apá kan fẹ̀ ju èkejì lọ. Ìlà yẹn kì í jò lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí awakọ̀ bá nílò bíréèkì jù lọ, tí ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ni ó máa ń là.

Láti Bedford dé Tòkunbọ̀

Nígbà tí títì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odò, àwọn ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù bíi Bedford ni ó kọ́kọ́ gbilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba dá ilé ìtòpọ̀ mọ́tò sílẹ̀. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́kọ́ja wà lójú ọ̀nà tí ó so àríwá mọ́ Òkéné àti Benin, Peugeot 504 sì di ọkọ̀ tí gbogbo mẹkáníìkì ojú ọ̀nà náà mọ̀ bí ẹní mọ owó. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá mọ ẹnu páìpù ọ̀kan ti mọ ti igba. Páìpù tuntun tí wọ́n ti fẹ ẹnu rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ wà ní ọjà. Mẹkáníìkì a rà á, a sì dè é.

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ọdún 1986 yí gbogbo èyí padà. Owó náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun wọ́n kọjá agbára òṣìṣẹ́, ọkọ̀ àlòkù ilẹ̀ òkèèrè sì gba ìgboro. Yorùbá fún un ní orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ tí ó wá padà wálé: tòkunbọ̀. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ti ìdílé kan ṣoṣo wá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń lo ẹnu onípele méjì pẹ̀lú nọ́ọ̀tù tí wọ́n fi ínṣì wọ̀n. Ọkọ̀ Japan ń lo ẹnu onípele méjì, ṣùgbọ́n mìlímítà ni wọ́n fi wọn nọ́ọ̀tù rẹ̀. Ọkọ̀ Jámánì àti ọ̀pọ̀ ti Yúróòpù ń lo ẹnu olólú, mìlímítà ni wọ́n sì fi wọn ti wọn náà.

Ibi tí ewu fara sin sí nìyí. Nọ́ọ̀tù ọlọ́nà mìlímítà 10 ti Japan lè wọ ojúbọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù láìjanpata. Ọwọ́ a sọ fún mẹkáníìkì pé ó bá a mu. Sípánà a sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu méjèèjì inú lọ́hùn-ún ni kò bára mu, ojú kò sì lè rí wọn mọ́ lẹ́yìn tí nọ́ọ̀tù bá ti wọlé. Mẹkáníìkì tí ó kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot, tí Toyota, Volkswagen àti Ford wá ń dúró dè ní òwúrọ̀ kan náà, nílò ìmọ̀ mẹ́ta níbi tí ọ̀gá rẹ̀ ti nílò ẹyọ kan. Owó irinṣẹ́ náà sì pọ̀ sí i, nítorí pé ọmọ irin ìtẹ̀ ti ẹnu olólú kì í ṣe ti onípele méjì. Kò yani lẹ́nu bí àwọn kan bá ń wá àbùjá: wọn a fi hámà lu páìpù tí ó ń jò pa, ẹsẹ̀ mẹ́ta a sì máa ṣiṣẹ́ fún mẹ́rin. Ẹ̀bi irú àbùjá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ọwọ́ tí ó di hámà mú nìkan.

Àjàòkúta tí Ó Wà Nítòsí

Ẹni tí ó bá mọ Lọ́kọ́ja yóò bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí páìpù tí wọ́n ń lò níbẹ̀ fi ń ti òkè òkun wá nígbà tí Àjàòkúta wà ní ìsàlẹ̀ odò kan náà. Ọdún 1979 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀, tí ìjọba sì bá àwọn ará Soviet ṣe àdéhùn lórí kíkọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1983, apá kan lára ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ̀pá àti wáyà irin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìléru ńlá tí ó yẹ kí ó yọ́ òkúta Itakpe kò tíì yọ́ irin kankan láti ìgbà náà.

Síbẹ̀síbẹ̀, ó yẹ kí ìtàn ṣọ́ra kí ó má di gbogbo ẹ̀bi lé Àjàòkúta lórí. Nínú ètò tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, ìpele kìíní wà fún tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 1.3 irin gbọọrọ lọ́dún, èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé. Ìpele tí ó tẹ̀lé e ni ó wà fún irin pẹlẹbẹ, irin pẹlẹbẹ sì ni wọ́n ń ká di páìpù bíréèkì. Bí ìpele kìíní bá tilẹ̀ ti yọrí sí rere, mẹkáníìkì Lọ́kọ́ja kì bá tíì rí páìpù gbà níbẹ̀. Ohun tí ó sọnù ju páìpù lọ ni ilé ẹ̀kọ́ ọwọ́: ìran àwọn oníṣẹ́ irin tí ì bá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan, tí wọ́n ń bẹ iṣẹ́ wò, tí wọ́n sì ń kọ iṣẹ́ tí kò péye sílẹ̀.

Felele àti Ọ̀rọ̀ náà “Já”

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2020, ọkọ̀ ajágbé epo kan já lu àwọn ọkọ̀ mìíràn ní Felele, lójú ọ̀nà tí ó wọ Lọ́kọ́ja láti Àbújá. Ẹ̀mí tí ó lé ní 20 ni ó lọ sí i. Àwọn ọmọ iléèwé àti akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé bíréèkì ọkọ̀ náà ni ó kọṣẹ́. Òdodo ni pé afẹ́fẹ́ ni ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ bíréèkì ọkọ̀ ajágbé ńlá, kì í ṣe epo. Nítorí náà, ìtàn ẹnu páìpù kékeré kì í ṣe àlàyé fún ọjọ́ náà. Ohun tí ó kan iṣẹ́ yìí ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Bíréèkì já” ni wọ́n máa ń sọ. Àwọn tí ó fẹ́ lo Yorùbá tí ó jinlẹ̀ a ní “ìjánu ọkọ̀ já”. Okùn ni ó ń já. Ìjánu ẹṣin ń já. Wáyà bíréèkì ayé àtijọ́ náà lè já. Ohun tí ó bá já, ó já lójijì, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bíréèkì epo kì í sábà já. Ó lè jò nítorí ẹnu páìpù tí kò dára. Ó lè dípẹtà títí ara páìpù yóò fi lu. Afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀ nítorí pé wọn kò fún un jáde lẹ́yìn àtúnṣe. Epo inú rẹ̀ sì lè hó: epo bíréèkì onípò DOT 3 tí ó jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bí ó ti ń fa omi mọ́ra, ìwọ̀n náà lè wálẹ̀ dé 140. Lójú ọ̀nà olókè bíi ti Òkéné sí Lọ́kọ́ja, níbi tí awakọ̀ ti ń tẹ bíréèkì léraléra, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Jíjò, dídípẹtà, gbígba afẹ́fẹ́ àti híhó ni ohun mẹ́rin tí “já” kan ṣoṣo bò mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ń ránṣẹ́ ṣáájú: epo a máa dínkù, bíréèkì a máa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, omi a máa hàn lára táyà.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti fi okùnfà pamọ́, ohun mìíràn a gba ipò rẹ̀. Wọn a ní ayé ni, tàbí pé Ògún ń binu. Wole Soyinka, ẹni tí ó gbé Ògún sí ojú títì nínú eré The Road ní ọdún 1965, náà ni ó wá jẹ́ alága Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí ìjọba dá a sílẹ̀ ní ọdún 1988. Kò sí ìtakora níbẹ̀. Ògún tí Yorùbá mọ̀ ni ó ni àgbẹ̀dẹ. Àgbẹ̀dẹ sì ni ibi tí wọ́n kì í ti í fi irin tí ó sán lé oníbàárà lọ́wọ́.

Orúkọ fún Iṣẹ́

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1984 àti 1990 fún ìmọ̀ ẹ̀dá èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n nílò. Irú rẹ̀ kò tíì dé ìsọ̀ mẹkáníìkì. Bẹ́ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tí ó ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó gba fírídọ̀ọ̀mù ń fi ojú kọ́ iṣẹ́ náà ni. Ohun tí ọ̀gá kò bá dárúkọ, ọmọ iṣẹ́ kò lè bèèrè rẹ̀.

Kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ tuntun lé ti àtijọ́ jáde. Bíréèkì, páìpù àti nọ́ọ̀tù ti di ti Yorùbá. Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ tí yóò ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì: ẹnu onípele kan, ẹnu onípele méjì, ẹnu olólú. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lẹ́nu yóò bèèrè èyí tí ọkọ̀ ń lò kí ó tó mú sípánà. Bákan náà, bí awakọ̀ bá lè sọ pé “bíréèkì ń jò” tàbí “bíréèkì ń rọ̀”, yóò ti sọ fún mẹkáníìkì ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ẹnu páìpù bíréèkì kéré, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà dé Lọ́kọ́ja gùn. Ọkọ̀ ojú omi ọdún 1832 mú páìpù agbéépá wá. Loughead fi epo sínú bíréèkì ní ọdún 1917. Ètò ọdún 1986 sì kó ẹnu onírúurú jọ sí ìsọ̀ kan láìsí ẹni tí ó kọ́ mẹkáníìkì ní ìyàtọ̀ wọn. Yorùbá ń lo ìjánu fún ohun tí ó ń dá ẹṣin dúró, ó sì ń lò ó fún ìwà: ẹni tí ó bá kó ara rẹ̀ níjàánu ni wọ́n ń yìn. Mẹkáníìkì tí ó gé ẹnu páìpù tí ó sán sọnù, tí ó sì tún òmíràn fẹ̀ nígbà tí oníbàárà ń kánjú, ti kó ara rẹ̀ níjàánu kí ó tó fún ọkọ̀ ní ìjánu. Èrò tí ó wà nínú ọkọ̀ kò ní í mọ̀. Yóò kàn dé ilé ni.